Bíréèkì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà onílẹ̀kùn méjì tí bàbá mi fi owó kòkó rà máa ń bú ramúramù, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ti ń dúró. Bó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ òkè ní Iléṣà, gbogbo èrò inú rẹ̀ ló máa ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni ń bá a tẹ bíréèkì.

Nígbà tí ọkọ̀ di tèmi, mo gbé e lọ sí Òṣogbo, mo ní kí mẹkáníìkì yọ bíréèkì àtijọ́ dànù, kó fi bíréèkì onídísìkì ńláńlá sí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo padà délé, inú bí àbúrò bàbá mi.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan ohun tí bàbá rẹ fi sílẹ̀? Bó ṣe lò ó ni kí o lò ó!"

Mo ní, "Èmi ò ní jogún ìbẹ̀rù. Ẹ wọ ọkọ̀, ká lọ."

Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ewúrẹ́ kan já sí títì. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró gbagidi. Ewúrẹ́ wò wá, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi: àbúrò bàbá mi ṣì ń fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín, Bàbá. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ti tó."