Ìlà Ọdún Kan Tí Mo Fò

Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ igi ló jí mi láàárọ̀ Sátidé tó kọjá. Ìjì ti fa ẹ̀ka ńlá kan ya nínú ìtẹ́ òkú tó wà lẹ́yìn fúláàtì wa ní Peckham, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sì ti dé láti gé e sí wẹ́wẹ́. Mo ṣí fèrèsé kí n lè bínú sí wọn dáadáa, àmọ́ òórùn igi náà ló kọ́kọ́ wọlé, ìbínú mi sì tán. Igi yúù ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń dàgbà ní London ti rí i láìmọ orúkọ rẹ̀: igi dúdú tó ń so èso pupa wẹ́wẹ́, tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn láti gbìn sáàárín sàréè. Igi òkú ni àwọn ará àdúgbò wa ń pè é. Bàbá mi nìkan ló ń pè é ní igi ọrun, nítorí inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọrun tí a fi ń ta ọfà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mò ń bá Bàámi lọ síbi iṣẹ́ ní gbogbo Sátidé. Nọ́ọ̀sì ni Màámi, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, oorun ni wọ́n sì ń fi òwúrọ̀ sùn. Ọmọ tí kò lè pa ẹnu mọ́ bíi tèmi kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Abẹ́ afárá rélùwéè lẹ́bàá Rye Lane, níbi tí wọ́n ti ń ta irun báyìí, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bí rélùwéè bá ti kọjá lórí wa, eruku á dà lé wa lórí. Òyìnbó arúgbó kan tí a ń pè ní Ọ̀gá ló ni ín. Ó ń ṣe ọrun fún àwọn tó ń fi ọfà títa ṣeré ìdárayá. Kápẹ́ńtà ni Bàámi láti ilé, bàbá tiwọn sì ti gbẹ́ ọrun fún àwọn ọdẹ ní Òkè-Ògùn rí. Nígbà tí Ọ̀gá fún wọn ní ìgbálẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbá ilẹ̀ tán, wọ́n sì bá a tún ọrun kan tó wọ́ ṣe. Láti ọjọ́ náà ni ìgbálẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọdọọdún ni igi ń fi ìlà kan kún inú ara rẹ̀, Bàámi sì kọ́ mi láti máa fi abẹ́rẹ́ kà á níbi tí wọ́n ti gé e. Igi tó hù sórí ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó ń jẹ àjẹyó, ìlà rẹ̀ á fẹ̀, á dùn ún wò, àmọ́ kò ní agbára. Èyí tó hù sórí òkúta, tí òtútù ń nà, ìlà rẹ̀ á fún mọ́ra bí ewé ìwé tí a pa dé. Òun ni igi ọrun. Bàámi wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn. Bí mo bá ń kùn pé ẹran tí wọ́n bù fún mi kéré, wọ́n á ní, "Fi sílẹ̀, jẹ́ kí ìlà ẹ fún." Ọmọ lánlọ́ọ̀dù wa sì rèé, tó sanra, tó ń sunkún lórí ohun gbogbo: "Ìlà ìyẹn ti fẹ̀ jù."

Ẹ̀yìn ọrun, ìyẹn ibi tó kọjú sí ohun tí a fẹ́ ta, ni iṣẹ́ wà. Ìlà ọdún kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ bo ibẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí ọ̀bẹ bá gé e kọjá sínú ìlà kejì, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fà á. Iṣẹ́ ojú ni. Ojú Bàámi sì ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, àrùn kan ń jẹ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Bí Ọ̀gá bá mọ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí Ọ̀gá bá ti jáde lọ jẹun, èmi ni mo máa ń fi pẹ́ńsùlù tó nípọn tọ ìlà náà lára igi, kí àwọn náà lè rí i, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ méjì tẹ̀ lé e. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," wọ́n á máa sọ ọ́ létí mi.

Igi kan wà lórí pẹpẹ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ kó gbẹ fún ọdún mẹ́rin. Inú rẹ̀ pupa bí epo, ìlà rẹ̀ sì fún débi pé mo ní láti di èémí mú kí n tó kà á. Ọ̀gá ní kí Bàámi gbẹ́ ẹ fúnra wọn, pé bó bá dára, orúkọ wọn ni òun máa fi irin gbígbóná tẹ̀ sí i lára. Títí di ìgbà náà, orúkọ Ọ̀gá ló ń wà lára gbogbo ọrun tí Bàámi ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń kọ orúkọ náà sẹ́yìn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, wọ́n ń rò ó bóyá kí wọ́n kọ ọ́ tán tàbí kí wọ́n gé e kúrú fún àwọn òyìnbó.

Kókó kan wà láàárín igi náà. Níbi tí kókó bá wà, ìlà máa ń gun òkè yí i ká kó tó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, ó sì gba sùúrù kéèyàn má baà sọ ọ́ nù. Sáńdírà, ọmọ Jàmáíkà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi okùn tí a fi ń fò nalẹ̀. "You coming or what?" Mo gbójú sókè wò ó. Nígbà tí mo padà sórí igi, n kò mọ ìlà tí mo wà mọ́. Mo mú èyí tó sún mọ́ mi, mo fà á dé ìdí, mo sì sáré jáde. Mo mọ̀ pé kò dá mi lójú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní fi ìgbà èwe bojú.

Lẹ́yìn Sátidé méjì, Ọ̀gá gbé ọrun náà kọ́ ara ògiri, ó ń fi okùn fà á díẹ̀díẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá gbá tábìlì. Ibi kókó yẹn ló ti ṣẹ́. Ọ̀gá gbé e sójú, ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè ẹni tó fa ìlà náà. Mo wà níbẹ̀. Bàámi ní, "It is me, sir. My eye is going." Ọ̀gá kò pariwo, ó kàn jókòó, ó fi ọwọ́ bojú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàámi ti kó irinṣẹ́ wọn sínú báàgì.

Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, "Kókó yẹn, ṣé ó dààmú ẹ ni?"

"Rárá, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n ní kí n máa ka orúkọ ibi tí bọ́ọ̀sì bá ti dúró fún àwọn, kí a má baà kọjá ilé.

Wọ́n lo ọdún mọ́kànlélógún sí i láyé, wọn kò sì gbẹ́ ọrun mọ́. Èmi ni mò ń ka lẹ́tà fún wọn, èmi ni mò ń kán oògùn sí wọn lójú, ẹnu mi sì yá lórí gbogbo nǹkan àfi ọ̀rọ̀ kan yẹn. Mo ní ó di ọdún Iléyá, mo ní ó di ìgbà tí ara wọn bá yá. Wọ́n kú, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo rí ìlàjì ọrun náà nísàlẹ̀ àpótí wọn, wọ́n fi fìlà wé e. Ìlà pẹ́ńsùlù mi ṣì wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, àfi níbi kókó. Àtàǹpàkò ti pa á rẹ́ níbẹ̀, igi náà sì ti ń dán. Wọ́n ti mọ̀. Gbogbo ọdún yẹn ni wọ́n fi dúró dè mí.

Àrùn ojú kan náà ti wá bá mi báyìí. Dókítà ní inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló sáré sísàlẹ̀ lọ bá mi tọrọ gígé kan lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Mo fún un ní abẹ́rẹ́, mo ní kó bá mi ka ìlà rẹ̀. Ó kà á dé forty-seven, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè.

"Grandma, sorry, mo ti lose count. I think mo fo one. Ṣé mo lè start again?"

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó ń tọrọ omi. Ṣọ́ọ̀bù ti di ilé onírun, Ọ̀gá ti lọ, Sáńdírà kó lọ sí Sydenham, a kò sì ríra mọ́. Ìlà tí mo fò nìkan ni kò kúrò níbi tó wà, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Mo ní kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ padà sí àárín, ó ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo kọjú sí fèrèsé, mo ní, "Èmi ni, Bàámi. Èmi ni mo fò ó."

"What, Grandma? Ẹ ní kí ni?"

Mo ní kò sí nǹkan, kó máa kà á lọ.