Ọdún Tí A Ní Kí Ìyá Àgbà Sinmi

"Ọmọ ta nìwọ? Ilé wo ni wọ́n ti rán ẹ wá?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kóko, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, síwájú ìyá àgbà wa ni, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín, torí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ojú wọn ò rẹ́rìn-ín. Inú yàrá wọn ni mo ń sùn látìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú.

Amọ̀kòkò ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Láti àsùbáà la ti ń gbọ́ ọwọ́ wọn lára amọ̀, pà, pà, pà. Wọn kì í jókòó ti ìkòkò. Wọ́n á tẹ̀ ba, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká títí ẹnu rẹ̀ á fi gún. Òórùn amọ̀ tútù àti èéfín igi kì í kúrò lára aṣọ wọn. Àwọn oníbàárà ń ti ọjà Ìpátá wá: ti Sẹ̀fíátù, àmù méjì; ti ìyá Múnírátù, ìkòkò ọbẹ̀ mẹ́fà. Ìyá àgbà ò kọ ọ́ síbì kankan, orí wọn ló wà.

Ìgbà tí wọ́n ti Mẹ́kà dé ni Bùrọ̀dá Sálíù, àkọ́bí wọn, ní, "Àlájà kì í po amọ̀. Ẹ ti ṣe tó, ẹ sinmi." Àwọn ọmọ wọn kó amọ̀ dànù, wọ́n ra àga tìmùtìmù fún wọn. Àwa là ń bu omi àlùwàlá fún wọn, àwa là ń wẹ ẹsẹ̀ wọn. Eyín wọn pé, síbẹ̀ à ń gé ẹran fún wọn wẹ́wẹ́. Gbogbo àdúgbò ń yìn wá. Ọwọ́ wọn kàn wà lórí itan ni.

Láàárọ̀ tí wọn ò dá mi mọ̀ yẹn, mo sáré lọ pe Àǹtí Ráliátù, àbíkẹ́yìn wọn.

"Wọ́n ń fi ẹ́ ṣeré ni, òpònú." Àǹtí wọlé, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ìyá wa."

Ìyá àgbà wò wọ́n látòkè délẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Ìyá tó bí wọn ló ń kí wọn bí àlejò. Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Àǹtí kojú Bùrọ̀dá Sálíù. "Ẹ̀gbọ́n, àwa la ṣe èyí. Ẹ jẹ́ ká dá amọ̀ padà."

"Kí àwọn èèyàn lè ní a ò lè bọ́ ìyá wa?"

"Kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ṣé àwọn èèyàn ni ìyá ò mọ̀ mọ́ ni, àbí èmi?"

Kó tó di àlàásárì, Bùrọ̀dá fúnra wọn ló ru amọ̀ wọlé.

Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí oṣù yẹn máa fi parí, wọ́n ti ń bu omi àlùwàlá ara wọn, wọ́n ń bá Àǹtí jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Ráliátù. Orúkọ tèmi nìkan ni kò padà. "Ìwọ ọmọ yìí" ni mo jẹ́ títí wọ́n fi kú.

Èmi náà ti di àgbà báyìí. Látìgbà tí a ti sin ọkọ mi, àwọn ọmọ mi ń bẹ̀ mí: "Màámi, ẹ wá jókòó tì wá, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Mo kọ̀: mò ń fọ aṣọ mi, mò ń dáná, mò ń fẹsẹ̀ mi rìn lọ sọ́jà. Wọ́n ní orí mi le. Mi ò bá wọn bínú, torí mo mọ ohun tó wà nínú wọn. Òun náà ló wà nínú wa nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó kórìíra ìyá àgbà nínú ilé yẹn. Ìfẹ́ la fi gba orúkọ mi lẹ́nu wọn.