Eérú Kọ́ Ló Ba Kànga Wa Jẹ́

Gbólóhùn kan wà nínú fóònù mi tí mi ò tíì pa rẹ́. Ohùn ìyá arúgbó kan ni. Ó ní, "Eérú mi kì í dé kànga, oko ló ń lọ." Èmi ni mo gé e kúrò nínú ìròyìn mi, torí pé kò bá ohun tí mo fẹ́ sọ mu.

Ìyàwó ilé wa ni ìyá náà, ní agbo ilé wa lẹ́yìn Ọjà'ba. Ó ti wọlé ọkọ kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ ọkọ ló ń pè mí, bí gbogbo ìyàwó ilé ti ń ṣe: "Ọkọ mi Akọ̀wé." Ọṣẹ dúdú ló ń sè. Ọṣẹ rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́mọdé. Á sun èèpo kòkó di eérú, á da eérú sínú ajere, ìkòkò oníhò yẹn, á wá rọ omi lé e lórí. Omi tó bá kán jáde nísàlẹ̀ ló ń fi àdín sè di ọṣẹ. Eérú tó bá ṣẹ́ kù, á kó o sínú àpò, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin á sì gbé e lọ sí oko, á dà á sídìí kòkó. Èèpo kòkó ló di eérú, ìdí kòkó ni eérú sì ń padà sí.

Lọ́dún kan, omi kànga agbo ilé wa yí padà. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ike fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan àwọ̀ ewé á hù lára ike. Inú ń run àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe ní rédíò, ó sì ti lé lógún ọdún. Mo gbé fóònù jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ará ilé léèrè.

"Omi yìí ò dáa lẹ́nu mọ́," ni ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wí.

"Àfi eérú ìyá yẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí ló tún wà níbẹ̀?"

Mo bi ìyá náà fúnra rẹ̀. Ó sọ ti oko tí eérú ń lọ, ó wá rẹ́rìn-ín: "Ọkọ mi, eérú lèmi ń sun, mi ò ṣe èrú." Mo gé ìyẹn náà. Òwe ni mo fi ṣí ìròyìn tí mo kà lórí rédíò nípa ìyá ọlọ́ṣẹ tó wà lẹ́yìn Ọjà'ba: ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òwe yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu gan-an.

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Ọ́jà'ba fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọṣẹ padà. Àwọn ọmọ àdúgbò Bẹyẹrúnkà ń pè é bó bá ń kọjá: "Ìyá Eléérú, ẹ má bù ú sómi wa o!" Ó da ajere dojú dé. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí rẹ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀, á kí mi: "Ọkọ mi Akọ̀wé, ṣé o jíire?"

Olùkọ́ yunifásítì kan, obìnrin, gbọ́ ìròyìn náà, kò sì gbà á gbọ́. Ó wá bá mi nílé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi yìí, ṣó ń yọ̀ lọ́wọ́?"

"Rárá."

"Omi eérú máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, sà."

Ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dá omi eérú mọ̀ bọ inú omi, kò yí padà. Ó ti òmíràn bọ̀ ọ́, ìyẹn pọ́n bíi sóbò. "Náítréètì nìyẹn," ó ní. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, báyìí ló sì ṣe wí:

"Náítírójìn wà nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí. Àwọn kòkòrò tó ń gbé nínú gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló ń bá wa mú un wọlẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ lọ sílé ìyàgbẹ́. Kòkòrò mìíràn tí ojú ò rí nínú ilẹ̀ á wá sọ ohun tí ẹ yà di náítréètì, tó ń yòrò mọ́ omi. Bó bá bọ́ sí oko, àgbàdo á jẹ ẹ́, ire ni. Bó bá bọ́ sí kànga, ẹ̀yin lẹ máa mu ún. Ẹ má fi po ẹ̀kọ fọ́mọ ọwọ́ o. Ẹ má sì ní ẹ máa sè é, ńṣe ló máa ki sí i."

Ó wá wò yíká. "Ibo ni sókàwéè yín wà, sà?"

Mo mọ ibi tí kòtò ìgbẹ́ náà wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí omi tó yí padà. Ojú ṣaláńgá àtijọ́ ń tì mí níwájú àwọn àlejò ibi iṣẹ́ mi, ni mo bá ṣe ilé ìyàgbẹ́ olómi, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ nínú agbo ilé wa. Àlùfáà ṣàdúà sí i. Ilé ti fún mọ́ ilé, kò sáyè, ìdí kànga nìkan ló ṣófo. Ọkùnrin tó ń gbẹ́lẹ̀ fi ara ti ṣọ́bìrì rẹ̀.

"Ọ̀gá, kànga yìí mà sún mọ́ wa jù."

"Ṣé ìwọ lo máa wá fi ilé bàbá mi hàn mí ni?"

"Ó tán, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ kúkú máa mu ún."

Gbogbo ẹlẹ́rìí ni mo gbé fóònù sí lẹ́nu, àfi ọkùnrin yẹn. Àfi èmi náà.

Mo ṣe àtúnṣe lórí rédíò. Mo ní ìwádìí ti fi hàn pé eérú kọ́, sókàwéè ilé kan ló ba kànga náà jẹ́. Ara mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń darí sílé. Ìyá náà jókòó ti ajere rẹ̀, rédíò wà lórí itan rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá."

"Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Ilé kan. Ilé ta ni?"

Ó pa rédíò orí itan rẹ̀.

"Nígbà tó jẹ́ tèmi, o ní ìyá ọlọ́ṣẹ tó wà lẹ́yìn Ọjà'ba. Nígbà tó kàn ọ́, ó di ilé kan. Àbí ilé náà ò lẹ́ni ni, ọkọ mi?"

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti sán nítorí omi eérú ni mo ń wò. Mi ò lè gbójú sókè.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò. "Ilé mi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún mi." Mo wá fi ohùn ìyá náà sí i, gbólóhùn méjèèjì tí mo gé.

A ti dí sókàwéè yẹn pa. Òjò ti rọ̀ lọ, ó ti rọ̀ bọ̀, bébà ṣì ń pọ́n. Olùkọ́ yẹn ní ilẹ̀ kì í kánjú. Ìyá ti ṣí ajere rẹ̀, ó ti ń dáná. Oníbàárà díẹ̀ ti padà, àwọn yòókù ò tíì dé. Omi ẹ̀rọ láti àdúgbò Ọ̀rányàn ni Ìyá ń lò, èmi ni mo sì ń gbé e.

"Ọkọ mi Akọ̀wé, kẹ́ẹ̀gì kan kù o!"

Àwọn èèyàn máa ń rí mi lójú ọ̀nà. "Oníròyìn! Ṣé ẹ ti di apọnmi ni?"

"Mo ba kànga jẹ́ ni."

Wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Nígbà míì ó máa ń wù mí kí n jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Màá wá gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, màá sọ ọ́ fún wọn látìbẹ̀rẹ̀.