Bí Mo Ṣe Sọ Ọmọ-ọmọ Lọ́ọ̀dù Ní Babátúndé

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó fi sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa búra. Ojú mi yìí ló rí i, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ mi ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, lọ́sàn-án gangan.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà. Bọ́lá, ọmọ mi, lóyún fún òyìnbó kan tó ń bá wọn ṣe ọ̀nà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ń jẹun lọ́dọ̀ mi, ìtàn ìdílé wọn ló máa ń sọ. Ọba wọn ló fi baba ńlá rẹ̀ jẹ lọ́ọ̀dù nítorí ogun tó jà fún un. Láti ìgbà náà, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún oyè lọ́wọ́ baba. Obìnrin ò lè jẹ ẹ́. Ọmọ tí wọn ò bá gbé ìyá rẹ̀ níyàwó ò lè jẹ ẹ́ láéláé.

Ọ̀sẹ̀ tí Bọ́lá bí ọmọkùnrin ni ìròyìn dé pé lọ́ọ̀dù àgbà, bàbá òyìnbó wa, ti kú. Kí ni Yorùbá ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Mo sọ ọ́ ní Babátúndé. Inú mi tilẹ̀ dùn. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn oyè mọ́ ọn, orúkọ á bá a gba ojú fèrèsé wọlé.

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún òyìnbó, ojú rẹ̀ tún funfun sí i.

"Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe bàbá mi padà."

Ó lọ sílé láti lọ joyè. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Hausa ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀. Bọ́lá lọ sí àdúgbò Fagge. Mo ń fọ ìkòkò. Mo gbójú sókè, òyìnbó arúgbó kan ló dúró ti ẹní tí ọmọ sùn sí. Kóòtù dúdú tó nípọn ló wọ̀. Eruku ọyẹ́ bo gbogbo ilẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. 

"Ta ló pè mí?" Ó rọra sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Èmi ni, sà. Ọmọ-ọmọ yín nìyí."

Ó wo ọmọ náà títí, ó mi orí. "Wọn ò kà á mọ́ wa. Mi ò lè wọ ara rẹ̀. Mi ò sì rí ọ̀nà ilé mọ́."

Ó ti rẹ òun náà, mo rí i lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù sì bà mí nítorí ọmọ náà.

Ni ọmọ bá la ojú. Ó nawọ́ sí i. "Zo," ó ní. Ìyẹn ni pé, máa bọ̀.

Mo sáré gbé e mọ́ra. Kí n tó yíjú padà, kò sẹ́ni kankan níbẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà, orúkọ ìsàmì rẹ̀ nìkan ni mo ní kí wọ́n máa pè é. Bọ́lá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan gbàgbé, ó ké láti ẹnu ọ̀nà pé, "Babátúndé!" Mo pọn ọmọ náà, ó ti sùn lọ fọnfọn. Ohùn arúgbó ló dáhùn lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọmọ lórúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe òkú tí ẹ ò mọ òfin ìdílé rẹ̀ wá sílé. Mi ò tíì sọ fún Bọ́lá. Orí ẹní kan náà ni òun àti ọmọ ń sùn.