Apòògùn Tí Kò Tọ́ Oògùn Wò

Iṣẹ́ obìnrin kan ni kí ó máa ya àwọn èèyàn inú géèmù orí kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn ní ọ́fíìsì rẹ̀ ló ń ya òkè, odò àti ẹranko abàmì. Ojú, ọwọ́ àti ìrìn ni tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ó ya apòògùn kan tí yóò máa ta oògùn fún àwọn jagunjagun inú géèmù tuntun, kò wá a lọ jìnnà. Bàbá rẹ̀ ló yà.

Bàbá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ po oògùn nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju iyàrá lọ. Obìnrin náà ya èjìká rẹ̀ tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ya awò ojú tó máa ń yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ó tún ya bí ó ṣe máa ń fi ṣíbí kán oògùn sí ahọ́n ara rẹ̀ lójú oníbàárà, kí ó tó rọ ọ́ sí ìgò. Bàbá máa ń ní ohun tí òun ò lè gbé mì, òun ò ní gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn mu.

Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ní ó dára, àmọ́ kí wọ́n yọ títọ́wò yẹn kúrò. Ó ní ẹni tí idà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kò ní dúró de bàbá arúgbó tó ń lá ṣíbí. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́. Kò tilẹ̀ jiyàn.

Nígbà tí géèmù jáde, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí Bàbá rí ara rẹ̀, kí ó sì gbà pé ohun tí ó ń pè ní eré ọmọdé yìí, iṣẹ́ gidi ni.

Bàbá sún àga mọ́ ọn. Ó rí ṣọ́ọ̀bù, ó rí àwọn ìgò, ó rí ọkùnrin tó yíjú sí wọn.

“Wo imú yìí,” ni ó wí, ẹ̀rín ń pa á. “O ò tiẹ̀ bá mi gé díẹ̀ kúrò.”

Jagunjagun kan wọlé, ó ra oògùn, ó jáde. Òmíràn wọlé. Ẹ̀rín kúrò lójú Bàbá díẹ̀díẹ̀.

“Kò tọ́ ọ wò,” ni ó wí.

Obìnrin náà ṣàlàyé pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, pé oògùn inú géèmù kì í pa ẹnikẹ́ni. Bàbá ní òun gbọ́. Ó wá béèrè bóyá ẹni tó yọ ọ́ mọ ohun tó yọ.

Obìnrin náà lè sọ pé ọ̀gá ni. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́.

“Èmi ni mo yọ ọ́, Bàbá mi. Ẹ má bínú.”

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún.

“O yà á dáadáa, ìyá mi. Iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní. Àmọ́ èmi kọ́ nìyẹn.”

Kò bínú. Ìbá sàn bí ó bá bínú.

Obìnrin náà padà lọ bẹ ọ̀gá pé kí ó jẹ́ kí òun dá títọ́wò náà padà. Ọ̀gá ní géèmù ti dé ọwọ́ àwọn tó rà á, wọ́n sì fẹ́ràn apòògùn náà. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ yá.

Bí aládùúgbò bá bi Bàbá nípa ọmọ rẹ̀ báyìí, á ní àwòrán ló ń yà, ó sì mọ̀ ọ́n yà. Bí obìnrin náà bá wà nítòsí, á dúró, á máa retí bóyá Bàbá yóò fi kún un pé ó ti ya òun náà rí. Bàbá á yí ọ̀rọ̀ sí òjò.