Orúkọ Ọ̀tún Àjàgà

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ní Alafiarou nígbà tí ejò ṣán Sùúrù pa. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi màlúù túlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Méjì là ń so mọ́ àjàgà kí wọ́n tó lè fa ṣárúù, irin tí a fi ń la ilẹ̀. Èyí ọ̀tún ń jẹ́ Sùúrù, èyí òsì ń jẹ́ Àlùbáríkà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé àjàgà ló ni orúkọ, màlúù kọ́. Ó ní tí ọ̀kan bá kú, kí n fi orúkọ rẹ̀ pe èyí tó bá gba ipò rẹ̀, èkejì kò ní mọ̀.

Irọ́ gbáà ni.

Mo ra òmíràn lọ́wọ́ Fúlàní, mo so ó mọ́ ọ̀tún, mo pariwo bí ìṣe mi: "Sùúrù! Àlùbáríkà! Ó yá!" Ẹran tuntun ṣísẹ̀. Àlùbáríkà kò mira. Ó bojú wo ìdí igi èmì tí a sin Sùúrù sí, ó sì ké. Mo tún pè, ó tún wo ibẹ̀.

"Tonton, ẹ nà án," ni ọ̀dọ́kùnrin tó ni oko wí, ó ń pè mí bí ẹni ń pe àbúrò bàbá rẹ̀. "Òjò ò ní dúró dè wá."

Mo nà án. Ó gba pàṣán, ó dúró. Mo pe orúkọ tirẹ̀ nìkan. Ó ṣì ń retí kí n kọ́kọ́ pe ẹnìkejì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Tonton, pardon, mo ti bá onítíráktọ̀ sọ̀rọ̀." Omi tán lẹ́yìn ẹja mi. Àlùbáríkà kò jẹun mọ́. Alápatà wá láti Tchatchou, ó fà á lọ.

Ìbànújẹ́ dorí mi kodò délé. Ìyàwó mi ń gúnyán lọ́wọ́. Ìyá Ráfíù la ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi tó ti kú ló bí Ráfíù.

"Ẹ ti tà á, Bàbá Ráfíù?"

"Kí ni kí n ṣe? Mo fi orúkọ òkú pe ààyè títí, kò gbà."

Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀. "Orúkọ wo lẹ fi ń pe èmi? Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pè mí ni Ráfíù máa ń sáré wo ẹnu ọ̀nà."

Mo la ẹnu láti pè é, kí n fi bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà wà nítòsí, ó ń wò mí. Mo pa ẹnu mi dé.