Òkun Wo Lọkọ Mi Ti Ń Ṣiṣẹ́?

A kì í fọmọ fọ́kọ láìwádìí. Ìyá mi ṣe é kí n tó délé ọkọ, ìyá tó bí i náà ṣe é: ṣé wèrè ò sí nínú ẹbí wọn, ṣé wọn kì í jalè, ṣé bàbá ọkọ kì í na ìyàwó. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, tó ní òun ti rí ẹni tóun máa fẹ́, pé ọmọ Palẹsítínì ni, pé Gásà ni bàbá ẹ̀ ti wá, mi ò pariwo. Mo kàn ní, “Ó dáa. Ta ni bàbá ẹ̀?”

“Mummy, please, don’t start.”

“Start kí ni? Ṣé o fẹ́ dí mi lẹ́nu ni?”

Houston la bí i sí. Yorùbá ẹ̀ ò ju ti ìkíni àti oúnjẹ lọ. Tó bá fẹ́ bá mi jà, Gẹ̀ẹ́sì ló máa fi jà, èmi á fi Yorùbá dá a lóhùn, a ó sì gbọ́ ara wa yé dáadáa. Lọ́jọ́ yẹn kò jà. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní tí kì í bá ṣe ọmọkùnrin yìí, òun ò ní lọ́kọ. Mo wo ojú ẹ̀, mo rí i pé kò ṣeré.

Lásìkò yẹn, ogun Gásà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ní mọ́ṣáláṣí wa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níbi tá a ti ń wá bàtà wa, àwọn kan á ní gáàsì tó wà lábẹ́ òkun Gásà ni Ísírẹ́lì ń tìtorí ẹ̀ jà, pé irọ́ ni gbogbo ìyókù. Kíá ni mo gbà wọ́n gbọ́. Etí òkun lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ohun tí ọ̀pá gáàsì máa ń ṣe. Ọdún kejì tí mo délé ọkọ ni wọ́n gbé ọ̀kan gba ẹ̀yìnkùlé bàbá mi kọjá. Wọ́n lé àwọn apẹja kúrò níbi tí wọ́n ti ń da àwọ̀n, gáàsì ń lọ sí Èkó tìlù tìfọn, igi ni ìyá mi sì fi ń dáná títí tó fi kú.

Ọkọ mi kì í gbà. Iṣẹ́ ọ̀pá ni iṣẹ́ tiẹ̀. Òun ló máa ń ya àwòrán ọ̀nà tí ọ̀pá máa gbà lábẹ́ omi títí tó fi máa gúnlẹ̀. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó gbé wa wá síbí. Ó ní, “Ìjà yẹn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé gáàsì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni, ìbẹ̀rù ni, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti ta síra wọn lára ni. Gáàsì kàn bu epo sí i ni.” Tí mo bá wá bi í pé òkun wo lòun náà ti ń ṣiṣẹ́, á ní, “Òkun lòkun.” Ó ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún ń gorí ọdún.

Mo wá lọ bá ìyá kan tá a jọ máa ń kírun. Ó ń ta gàrí àti èlùbọ́ ní Sharpstown, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàbá ọmọkùnrin náà ti ń tún táyà ṣe. Mo ní, “Ẹ bá mi fimú fínlẹ̀.”

Ó padà wá jábọ̀. Ọkùnrin náà kì í mutí, kì í rẹ́ oníbàárà jẹ, ọmọ apẹja ni, ìyàwó ẹ̀ ti kú. “Ṣùgbọ́n òun náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ o.”

“Ọ̀rọ̀ kí ni?”

“Ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ó ní òkun wo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.”

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Mo ní iṣẹ́ gáàsì ni, mi ò mọ òkun tó jẹ́. Ẹ ò ṣáà rán mi níṣẹ́ pé kí n máa purọ́. Ó wádìí yín bí ẹ̀yin náà ṣe wádìí ẹ̀.”

Èmi ni wọ́n wá ń wádìí! Mo wakọ̀ gba Southwest Freeway padà sí Richmond, mo ń dá sọ̀rọ̀ bí aṣiwèrè. Ṣé ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fẹ́ ni, àbí ọkọ mi? Ta ló mọ ẹni tó rán wọn? Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọmọkùnrin náà. Bó bá ti wá kí ọmọ mi, mo máa ń ti yàrá tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ pa, mo máa ń ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Tó bá fi Yorùbá tí kò já gaara kí mi pé “Ẹ káàsán, mà,” bí ọmọ mi ṣe kọ́ ọ, ńṣe ni mo máa ń rò ó pé kí ló ń pa mọ́.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. Ọ̀sán Sunday ni, bàbá àti ọmọ nìkan ló wá. Mo ti din mósà, mo ti se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo se tíì nítorí wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Ọkùnrin náà gba ife, ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara ẹ̀, ó ká ọwọ́ lé itan.

Kò mu ún. Mo ní, “Ẹ mu tíì yín, ó ń tutù o.” Ó ní, “Ẹ ṣeun,” kò fọwọ́ kàn án. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá wọlé ẹni tí kò fẹnu kan ohunkóhun, ó ti sọ̀rọ̀ láìlanu: ó ní o fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. Inú bí mi gan-an. Mo bu tèmi látinú ìkòkò kan náà, mo mu ún kanlẹ̀ lójú ẹ̀, kó lè rí i pé mi ò kú. Ọmọ mi ń fojú bẹ̀ mí.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kọjú sí ọkọ mi. “Ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Ṣùgbọ́n kí n tó tọrọ, ẹ jọ̀ọ́, òkun wo lẹ ti ń ṣiṣẹ́?”

“Kí ló kàn yín níbẹ̀?” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. “Ṣé òkun lẹ wá fẹ́ ni?”

Kò bínú. Ó ní, “Apẹja ni bàbá mi ní Gásà. Kí wọ́n tó bí ọmọ mi yìí ni wọ́n rí gáàsì nínú òkun tó wà níwájú wa. A yọ̀. A ní iná ti dé, ìyàwó mi ní òun máa ra fíríìjì ńlá. Gáàsì yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ísírẹ́lì ń fa tiwọn, wọ́n ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Tiwa, wọn ò jẹ́ kó jáde. Ọkọ̀ bàbá mi pàápàá, tó bá jìnnà sétíkun, ìbọn ni. Mi ò sọ pé torí gáàsì ni wọ́n ṣe ń pa wá. Ìjà náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn tiwa náà ti pa tiwọn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ tí mo máa bọ̀ lọ́jọ́ yìgì wà nínú ẹ̀.”

Mo ń dúró kí ọkọ mi sọ pé òkun lòkun. Ó wo ọmọ wa pẹ́.

“Òkun tiwọn ni mo wà báyìí,” ó ní. “Ti Ísírẹ́lì. Tiyín náà, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, wọ́n ní kí n ya ọ̀nà tí ọ̀pá máa gbà jáde níbẹ̀. Mo yà á. Wọ́n gbé e pamọ́, wọn ò ṣe é.”

Ọmọ mi fọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin náà ní, “Nínú àwòrán yẹn, níbo lọ̀pá náà ti gúnlẹ̀?”

“Kì í ṣe Gásà.”

Mo ní ó ti parí, ọmọ mi ti pàdánù ọkọ. Ọkùnrin náà wá mí kanlẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tóun ti bi ní ìlú yìí ló ń yẹ ìbéèrè òun sílẹ̀, pé ọkọ mi lẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn. Ó ní kò dùn mọ́ òun, ṣùgbọ́n òun lè fi ọmọ òun sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè purọ́ lójú àna. Ó sì tọrọ ọmọ wa.

Ọkọ mi wojú mi. Gbogbo ìbínú tí mo kó jọ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mo máa dà á lé mọ́. Mo ní, “A fún yín. Ẹ máa mú un lọ.”

Ìgbà yẹn ló gbé ife. Tíì ti tutù bí omi kànga, ó mu ún tán. Ọmọkùnrin náà rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá wá tọrọ ọmọ kì í mu nǹkan kan títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ìtìjú pa mí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ṣì wà lápò mi.

Ọmọ mi sin wọ́n lọ sídìí ọkọ̀, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ láti ìta. Èmi àti bàbá ẹ̀ ń palẹ̀ àwo mọ́ ní kíṣínì.

Mo ní, “Èyí tó gba ẹ̀yìnkùlé bàbá mi kọjá ńkọ́? Ta ló ya ìyẹn?”

Kò wẹ̀yìn. Ó fọ ife, ó tún un fọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé tíì tó ṣẹ́kù kaná, ó bu ú fún mi, ó fi ṣúgà sí i bí mo ṣe fẹ́ ẹ, ó gbé e síwájú mi.

Mi ò fọwọ́ kàn án.